Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò tíì wọlé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 2024 nípasẹ̀ àjọ NELFUND. Ètò náà dára: kò ní èlé, yunifásítì gan-an ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà ní 20,000 náírà lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọlé ni wọ́n ń yá lówó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ n'Íbàdàn níbí ni kì í sì í dé ibẹ̀.

Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà yóò kọ́kọ́ wá owó fọ́ọ̀mù JAMB, lẹ́yìn náà owó ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe; bí orúkọ ọmọ bá sì jàjà jáde, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á tún ní kí ó san owó ìtẹ́wọ́gbà kí gbèdéke tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò sì dáhùn láàárín wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó ní kọ̀ǹpútà lè má ní iná. Èmi a máa fi ẹfun ya bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB ní ọmọ lè lò dípò máòsì sójú pátákó: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí iṣẹ́, R bí ó bá yí ọkàn padà. Àwọn ọmọ á sì máa fi ìka tẹ orí tábìlì lásán. Ẹ̀rín a máa pa wá, àmọ́ ẹni tó ń wá N kiri lọ́jọ́ ìdánwò kò lè yára bí ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù nílé, kódà bí orí wọn bá jọ pé bákan náà.

Ìjọba kúkú mọ̀ pé ọmọ kò dọ́gba, torí ó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ilé tí ọmọ ti jáde. Ọ̀yọ́ kò sí lára wọn, nítorí náà ọmọ tálákà ní Ọjà-Ọba àti ọmọ olówó ní Jéríkò, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò wọ́n.

Mo rọ àjọ NELFUND pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọmọ lówó láti ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá ti jáde, kí owó ìtẹ́wọ́gbà lè wà nínú ohun tí yóò san. Mo sì rọ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ n'Íbàdàn kí wọ́n ṣí yàrá kọ̀ǹpútà kan, tó ní iná sólà, sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ tó jáde.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, Ìbàdàn