Sí Ọmọ Mi Tó Ń Kó Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ sí Erédò

Àkànní mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Inú wa dùn pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ìrìnàjò ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé yín. Bàbá rẹ ti ròyìn rẹ̀ yí Ṣágámù ká. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí bí ẹ ó ṣe ṣe é tí ọmọ kankan kò fi ní rò pé ti òun kọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣètò ni ẹ ti ń yọ ọmọ sílẹ̀, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra rárá. Owó ni kí o kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí owó kò sí nílé rẹ̀ kò ní sọ fún ọ. Yóò ní inú ń run òun, tàbí pé ìyá òun fẹ́ rán òun níṣẹ́. Jọ̀ọ́, má pe orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ní àsẹ́ńbílì. Ibi tó sún mọ́ wa ni kí ẹ lọ, kí owó má pọ̀. Ṣebí Erédò wà lẹ́yìnkùlé wa? Yàrà tó gùn tó 160 kìlómítà, tó jìn tó 20 mítà níbòmíràn, tí wọ́n ti gbẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú mélòó ló ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Bí ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn bá wà láàárín yín, mo mọ iṣẹ́ tí àwa olùkọ́ máa ń fún irú wọn: “Ìwọ dúró ti bọ́ọ̀sì, máa bá wa ṣọ́ báàgì.” Àánú ni a pè é. Tí àwọn yòókù bá wá dé, tí wọ́n ń pariwo ohun tí wọ́n rí, báàgì lòun rí. Tètè lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ọ̀nà mọ́tò gba inú yàrà náà kọjá láwọn ibì kan. Wá èyí tí òun náà lè dúró létí rẹ̀. Fún un ní okùn ìwọ̀n, kí ẹnì kan mú ìdí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kí òun ka iye mítà tó jìn, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé fún gbogbo kíláàsì.

Ọmọ tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS (sickle cell) náà ń bá yín lọ o. Òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ ló máa ń gbé àìsàn yẹn dìde, nítorí náà kó omi dání, jẹ́ kó sinmi, má jẹ́ kó wọ odò tútù. Ìyá rẹ̀ ni kí o bá sọ ọ́, kì í ṣe níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ ya Òkè-Èrí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wo ojúbọ Bílíkísù Súngbọ́ tí ìtàn sọ pé òun ló ni iṣẹ́ Erédò. Mùsùlùmí ń lọ, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lọ. Wọ́n sì máa ń sọ pé obìnrin kì í dé ojú ibojì rẹ̀. Ibojì obìnrin o! Èmi ò ní kí o bá onílé jà. Béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, ibi tí wọ́n bá gba tọkùnrin tobìnrin láyè dé, ibẹ̀ ni kí gbogbo yín jókòó pa ìtàn náà. Má kó àwọn ọmọkùnrin wọlé kí àwọn ọmọbìnrin máa wò wọ́n láti ìta. Ní 1907, Baden-Powell tó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀ kó ọmọ olówó àti ọmọ tálákà pọ̀ lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni. Ní 1909, àwọn ọmọbìnrin wọlé tọ àwọn Scout níbi ìpàdé wọn ní Crystal Palace, ní Lọ́ńdọ̀nù, láìgbàṣẹ, wọ́n ní Scout ni àwọn náà. Bí Girl Guides, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí èmi wà nínú rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

O ní àwọ̀ ara ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún yín lórí àìyọ ọmọ sílẹ̀ tẹnu mọ́. Àwọn Amẹ́ríkà ní ìdí: ní Shenandoah, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní Virginia, wọ́n ya àgọ́ àwọn adúláwọ̀ sọ́tọ̀ sí Lewis Mountain ní 1939. Tiwa yàtọ̀. Bí ọmọ Hausa bá wà ní kíláàsì rẹ, àwọn òbí rẹ̀ kò gbàgbé ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbí ní 1999 nítorí Orò. Tí o bá ní ẹ ń kó ọmọ wọn wọ igbó, ìwé ìyọ̀ǹda nìkan ò lè tù wọ́n nínú. Lọ sílé wọn, mú ẹni tó gbọ́ Hausa dání, sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé. Wo ọjọ́ náà dáadáa pẹ̀lú: kó má bọ́ sí Agẹmọ, kó má bọ́ sí ọjọ́ Orò, kó má sì gba àkókò Jímọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mú olùkọ́ obìnrin dání, kí ẹ fi páàdì sínú àpótí oògùn. Bí ọjọ́ bá ti dájú, pè mí; mo fẹ́ dín ẹja fún yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ