Lẹ́tà sí ìyá ọmọ tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ Obáléndé

Ìyá ọmọ,

Ẹ kú ilé o. Ẹ ò mọ̀ mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú dánfó tí a jọ wọ̀ ní Obáléndé, tí mo gbé báàgì aṣọ lé itan. Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, ó wọ bùbá áńkárá aláwọ̀ ewé, òwú funfun sì wà nínú etí rẹ̀ ọ̀tún. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa mọ́lẹ̀ lórí afárá Third Mainland, ooru ń mú, kọ̀ńdọ̀ ń pariwo pé kí kálukú mú ṣéńjì rẹ̀ jáde.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ti ṣọyún létí rí kì í gbàgbé òórùn yẹn. Mo wo òwú náà, ó ti rin gbindin, etí rẹ̀ sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Lẹ́yìn náà lẹ pè é pé kó wá gba bísíkíìtì. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ gbá a lórí, ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ní, "Ẹ ò rí i bí? Orí kunkun ọmọ yìí ti pọ̀ jù." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Ọmọdé ni." Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ẹ fi bọ́ọ́lẹ̀ ní Adékúnlé.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo rí ohun kan tí ẹ̀yin ò rí nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ojú yín ni ọmọ yẹn wò, ẹnu yín ló wò. Ètè yín ló ń ṣọ́ kó lè mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo mọ ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tèmi ṣe ń wò mí fún bí ọdún kan, tí mo sì ń nà án.

Oríkì rẹ̀ ni màá fi pè é níbí: Àdùkẹ́. Ọmọ oṣù méje ni nígbà tí etí kọ́kọ́ ro ó. Yàrá kan là ń gbé ní Ṣómólú, èmi, bàbá rẹ̀, àti ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Kátá ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ gbóná, ó ń fa etí, ó sì ń sunkún lóru. Bí a bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, igbe. Bí a bá gbé e nàró, á rọlẹ̀ díẹ̀. Gbogbo wa ní eyín ló ń hù. Ìyá ọkọ mi yọ́ àdín lórí sítóòfù, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò bóyá ó gbóná jù, wọ́n sì kán an sí i létí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí ìyá tiwọn náà ṣe fún wọn nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọyún dà jáde, ibà lọ, ọmọ sùn. A ní àdín ti jẹ́.

Àdín kọ́. Ọyún tó kún ẹ̀yìn ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí, ló ti ìlù náà títí tó fi lu. Bó ṣe lu báyìí, ọyún rí ọ̀nà gbà, ìrora sì dẹwọ́. Ohunkóhun tí èèyàn bá kán sí etí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò gba ọpẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe àdín, ì báà ṣe òrí, ì báà ṣe omi ọmú. Ọ̀nà tí àwọn ìwòsàn wọ̀nyí fi ń tọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Àrùn náà kò sì kúrò ńbẹ̀.

Ó padà wá nígbà ọyẹ́. Ó tún padà wá nígbà tí mo fi í sí jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí ọmọ mẹ́wàá ti jọ ń pín kátá láàárín ara wọn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò tilẹ̀ gbé ọmọ dání lọ sí kẹ́míìsì mọ́. Màá kàn ní, "Etí yẹn náà ni o," wọ́n á sì na ìgò òògùn kíkán kékeré sí mi. Òògùn mímu tí a ń fi omi pò, tó yẹ kí ọmọ lò tán, bí ọyún bá ti gbẹ lọ́jọ́ kẹta ni mo máa ń gbé ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Mo rò pé mò ń ṣọ́ owó ná.

Télọ̀ ni mí. Iṣẹ́ máa ń pọ̀. Nígbà tí Àdùkẹ́ kéré, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti máa ń ki ìgò ògì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ọwọ́ mi lè ráyè sí máṣíìnì. Ìyá ọkọ mi náà máa ń dá a dùbúlẹ̀ sórí itan láti rọ ọ́ ní àgbo. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nǹkan tí ọmọ bá mu lórí ìdùbúlẹ̀ lè gba ẹ̀yìn imú rìn lọ sí etí.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pé ogún. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní ọmọ mi kì í dáhùn, pé ó máa ń jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí bí ẹni tí kò bá wọn wá. Mo délé, mo nà án. Ẹ jọ̀wọ́, ìyá ọmọ, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka ìyókù: èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo na ọmọ nítorí pé kò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ojú mi là. Ẹni tó ń ta áísìkirimù lórí kẹ̀kẹ́ yà sí àdúgbò wa, ó ń fun fèrè. Ẹ mọ ohun tí fèrè yẹn máa ń ṣe fún ọmọdé. Gbogbo ọmọ inú kọ́ńpáàǹdì ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bàtà ẹlòmíràn bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àdùkẹ́ kẹ̀yìn sí géètì, ó ń to ìdérí kóòkì lé ara wọn. Fèrè tún dún. Kò gbé orí sókè. Ìgbà tí ìdérí tó tò wó lulẹ̀ ló wo ẹ̀yìn, tó rí i pé òun nìkan ló kù, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ju ṣíṣọ́ọ̀sì ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, a dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ló gbà wá. Kò bú mi. Ó fọwọ́, ó gé aṣọ òwú funfun tó mọ́ ní tín-ín-rín, ó sì lọ́ ọ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá títí ó fi ṣóńṣó bí òwú àtùpà. Ó rọra ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ etí Àdùkẹ́, ó fi í síbẹ̀ kó mu. Ó yọ ọ́, ó ti rin, ó jù ú nù. Ó lọ́ òmíràn. Mẹ́rin ló rin, ẹ̀karùn-ún jáde ní gbígbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ló tó kán òògùn tí dókítà kọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí etí yóò fi gbẹ. Ó ní òògùn tí a bá kán sórí ọyún, orí ọyún ló ń dúró sí, kò lè dé ibi tí àrùn wà.

Mo bi í pé òwú wo ni kí n wá fi dí i. Ó ní kí n má fi nǹkankan dí i, pé òwú tí a bá fi sílẹ̀ nínú etí ń sé ọyún mọ́nú ni. Ìgbà tí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ nìkan ni kí n fi vaseline ra òwú díẹ̀, kí n fi dí ẹnu etí kí omi má wọlé, kí n sì yọ ọ́ bí a bá ti wẹ̀ tán. Ìyá ọmọ, òwú etí ọ̀tún ọmọ yín ni mò ń wò lórí afárá nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń dún sí mi lọ́kàn.

Wọ́n kọ̀wé lé wa lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Dókítà yẹn ya àwòrán sórí bébà fún mi. Ọ̀nà tóóró kan wà tó ti ẹ̀yìn imú lọ sínú etí. Tàwa àgbà gùn, ó sì dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, omi inú etí máa ń rí i ṣàn gba ọ̀fun. Tọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bí ẹní. Bí kátá bá dí i, omi á há sẹ́yìn ìlù etí, kòkòrò àrùn á sì sọ ibẹ̀ dilé. Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó bá imú ti bá etí. Ó ní bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni ọ̀nà náà ń gùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọdún 7. Àmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kì í dúró de ọdún 7.

Ó ní ìrora lè lọ, ibà lè lọ, kí omi ṣì wà lẹ́yìn ìlù etí fún nǹkan bí oṣù 3. Ọmọ tó wà nínú irú ipò yẹn dà bí ẹni tó ri orí bọmi, tí èèyàn ń bá a sọ̀rọ̀ láti etídò. Ó ń gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Etí òsì Àdùkẹ́ ló lu, ọ̀tún ni omi há sí. A ń mú èyí tó ń ṣọyún gbẹ lójoojúmọ́, àwọn aṣọ òwú tí mo gé kù nídìí máṣíìnì ni mò ń fọ̀, tí mò ń sá, tí mo sì ń fi áyọ́ọ̀nù jó. Ìlù etí náà padà dí fúnra rẹ̀. Omi ti ọ̀tún gbẹ nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọmọ aládùúgbò wa kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran kan ló wú lẹ́yìn imú tirẹ̀, ó máa ń han-run, ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yọ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀pá tín-tìn-tín sí ìlù etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Òun náà ń gbọ́ dáadáa báyìí.

Nítorí náà, ohun tí ǹ bá ti sọ nínú ọkọ̀ nìyí. Bí etí bá ro ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 6, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan, ó ti kúrò ní ohun tí kẹ́míìsì lè dá ṣe. Bí ọyún bá ti ń jáde fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má dúró mọ́. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tó pupa, tí etí náà wá yọ síwájú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má ra òògùn kíkán fúnra yín, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tó lè ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́ bí ìlù etí bá ti lu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi òwú ro etí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìkókó nílé, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè bí ó bá ń jẹun. Ẹ fún un lọ́mú fún oṣù 6 gbáko bí ẹ bá lè ṣe é. Kí onísìgá ilé máa mu ún síta, torí èéfín ń mú kí àrùn yìí pọ̀ lára ọmọdé. Ẹ sì wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bóyá wọ́n ti fún un ní èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ọ̀kan lára kòkòrò tó ń fa etí ríro ló ń bá jà. Ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú àjẹsára àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Mi ò mọ ibi tí ẹ ń gbé. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ni, ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ní dókítà etí níbẹ̀, LASUTH náà sì wà ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé fún yín.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ yín níbi tó bá ti ń ṣeré. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má sì fẹsẹ̀ kilẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ara rẹ̀ ló fi mọ̀. Ẹ kàn pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹ fẹ́ fún un ní nǹkan. Bí kò bá yíjú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbá a lórí mọ́. Ẹ yọ òwú yẹn kúrò, ẹ sì tètè jí lọ́la, torí kí ó tó di aago méje ni èrò ti máa ń tò sí ilé ìwòsàn.