Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń fẹ́ ọmọ Punjab

Àbúrò mi àtàtà,

Kí ẹnikẹ́ni tó ra chooda, ìyẹn ẹ̀gbà ọwọ́ pupa àti funfun tí ìyàwó Punjab (agbègbè kan ní India àti Pakistan) ń wọ̀, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ rẹ. Ìwọ̀n wọn máa ń ṣini lọ́nà: nọ́ńbà iwájú dúró fún íǹsì, ti ẹ̀yìn dúró fún ìdá mẹ́rìndínlógún íǹsì. Ìdí nìyẹn tí 2.10 fi tóbi ju 2.8 lọ. Ká àtàǹpàkò rẹ wọnú àtẹ́lẹwọ́, fi téèpù yí ibi tó fẹ̀ jù lọ ká, kí o wá fi 3.14 pín in. Sẹ̀ǹtímítà 19 á fún ọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6, ìyẹn íǹsì 2 àti 6/16, tí wọ́n ń kọ ní 2.6. Bí ọwọ́ méjèèjì kò bá dọ́gba, tẹ̀ lé èyí tó tóbi.

Ẹbí ìyá ìyàwó ló ń gbé e wá, pàápàá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá lọ́kùnrin àti ìyàwó rẹ̀. Tètè sọ fún wọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú mílíìkì tí wọ́n là mọ́ omi, wọ́n á da òdòdó rose sí i, wọn ò sì ní jẹ́ kí o fojú kàn án ṣáájú. Làálì ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ ti gbẹ, kí o sì ti ha á kúrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbà á fà á ya. Bí ẹ̀gbà bá há ní oríkèé, fi àpò ọ̀rá rírọ̀ bo ọwọ́, kí wọ́n tì í gba orí rẹ̀.

Iye ẹ̀gbà láyé àtijọ́ ni 21. 7, 9 tàbí 11 ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ báyìí. Eyín erin ni tẹ́lẹ̀, òfin dé, ike ló kù. Ike ò bá omi gbígbóná àti lọ́fínńdà rẹ́: àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Omi tó bá sì dúró lábẹ́ rẹ̀ á mú kí ara yún, kó sì sú. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ti gbogbo rẹ̀ sókè, nu abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Ibi tí ìjà ti ń wá ni ọjọ́ bíbọ́ ọ. Ọdún kan gbáko làwọn àgbà kan ń fẹ́. 40 ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ẹ fẹnu kò pẹ̀lú ìyá ọkọ ṣáájú ìgbéyàwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba Britain, òfin iṣẹ́ ni pé láti ìgúnpá dé ìka gbọ́dọ̀ wà lófo, nítorí náà ìsinmi tí o bá gbà ni yóò pinnu iye ọjọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Tún béèrè bóyá ẹlẹ́sìn Sikh ni wọ́n: àwọn àgbà Sikh kan ò fọwọ́ sí chooda rárá. Ẹ̀gbà irin kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní kara, ti ẹ̀sìn ni. Ìyẹn kì í bá chooda bọ́.

Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ́ chooda, ìyá ọkọ á fún ọ ní àdídùn àti owó, wọ́n á sì fi ẹ̀gbà gíláàsì tàbí góòlù dípò rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀, létí ọrùn ọwọ́, ni kí o kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú ọṣẹ. Má gé e. Odò ni wọ́n ń gbé e sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ike kì í jẹrà. Nù ún gbẹ dáadáa, kó o dá a padà sínú páálí rẹ̀.