Orúkọ Ńkọ́, Àdùnní?

Ṣómólú,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àdùnní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé láti ọjọ́ Ẹtì. Mi ò tíì yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó sì fà á ni mo fi jókòó tí mo ń kọ̀wé, èmi tí ojú ń dùn bí mo bá tẹjú mọ́ ìlà. Káyọ̀dé ni yóò yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kà á. Yóò kà á náà ni.

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ. "Mọ̀mí, mo wà ní mítìn." "Mọ̀mí, màá pè yín padà." Tẹ́lẹ̀, bí o bá wà ní mítìn, o máa ń pè padà.

Káyọ̀dé lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọbìnrin kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní Dublin rí. Ọmọ yẹn ló sọ fún un pé wọ́n ti gbé ọ kúrò níbi tí ẹ ti ń yọ àwòrán ìhòòhò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé orí tábìlì rẹ ni ìwé àwọn ìjọba ń bọ́ sí báyìí. Ìjọba ibí ní kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ lágbájá, ìjọba ọ̀hún ní kí ẹ ti ojú ewé tàmẹ̀dù, ìwọ lo sì ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọlọ́pàá íntánẹ́ẹ̀tì lọmọ mi!

Mi ò tíì bínú o. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, ṣé ẹ máa ń fún wọn?

Pọ́ǹpù kànga ti tún bàjẹ́. Obìnrin tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì, mo sì ti kó aṣọ ìkókó rẹ tó wà nínú àpótí fún un. Má bínú, ó ti ń hu.

Nítorí tìrẹ, alaalẹ́ ni mo ń ní kí Káyọ̀dé bá mi wá ọ̀rọ̀ kiri lórí fóònù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kan ọ̀rọ̀ Yahoo. Kì í ṣe yahoo àwọn ọmọ tó ń lu jìbìtì o, iléeṣẹ́ gan-an, èyí tí a fi ń kọ̀wé sí bàbá rẹ kékeré ní káfé nígbà tí a ń san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Akọ̀ròyìn kan wà ní Changsha nílẹ̀ Ṣáínà, Shi Tao lorúkọ rẹ̀. Ní 2004, ìjọba fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn, torí ó ń di ọdún 15 tí sójà yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé àti ará ìlú ní Beijing, nítorí ìwọ́de tí wọ́n ń ṣe ní gbàgede Tiananmen ní 1989. Ó kọ ohun tó wà nínú ìkìlọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láti orí Yahoo rẹ̀, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn agbófinró béèrè lọ́wọ́ Yahoo pé ta ló ni àpótí ìwé yẹn. Yahoo sọ. Ọdún 10 ni wọ́n dá fún un lẹ́wọ̀n ní 2005, ó di 2013 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Yahoo ní òfin ìlú ni àwọn tẹ̀lé. Wọ́n tún ní àwọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà ṣe. Ìwé tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ó sì wà nínú rẹ̀ pé àṣírí ìjọba tí wọ́n gbé fún ará òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà. Ní November 2007, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí Jerry Yang, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Yahoo sílẹ̀, wá ṣàlàyé. Ìyá Shi Tao wà ní ìjókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà yíjú padà, ó tẹríba fún un, ìyá ń sunkún. Káyọ̀dé fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò dá a padà títí bátìrì fi kú.

Káyọ̀dé rò pé àánú ìyá yẹn ló ṣe mí. Ojú ọkùnrin tó tẹríba ni mo ń wò.

Kí ló dé tí o kò lè bá mi sọ ọ́? Ìgbà wo ni mo di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó? Ọmọ tí mo gbé pọ̀n lọ sí Ìdúmọ̀tà, tí mo gbé pọ̀n bọ̀! Ṣé o tiẹ̀ ń jẹun? Fọ́tò tó o gbé síta lóṣù tó kọjá, egungun ọrùn nìkan ni mo rí. Ẹ̀lùbọ́ tí mo fi rán ìyàwó pásítọ̀, ṣé ó dé ọwọ́ rẹ?

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Bí a kò bá yọ díẹ̀, wọn yóò ti gbogbo rẹ̀ pa. Òótọ́ ni, a sì rí i nílé níbí. Ní 5 June 2021, àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì gba ìwé ìjọba pé kí wọ́n ti Twitter, wọ́n tì í, ó di 13 January 2022 kó tó ṣí. Káyọ̀dé tó ń ta bàtà lórí rẹ̀ wá di alágbára VPN, ohun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn wọ ibi tí ìjọba tì. Mi ò dá àwọn nẹ́tíwọ̀kì yẹn lẹ́bi tán, ìjọba ló fún wọn ní láísẹ́ǹsì. Ọdún yẹn kan náà, lóṣù September, Apple àti Google yọ áàpù àwọn èèyàn Navalny, olóṣèlú tó ń ta ko ìjọba, ní Rọ́ṣíà lọ́jọ́ tí ìbò bẹ̀rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn tí ìjọba ti halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń gbé níbẹ̀. Mo rò ó pé ká ní ìwọ ni wọ́n halẹ̀ mọ́ ńkọ́, mo sì pariwo fún Káyọ̀dé pé kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá. Ìyá rẹ nìyẹn. Kò sí akọni kankan níbí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí lè tún un kọ lọ́la. Orúkọ ni mò ń béèrè. Google wọ Ṣáínà ní January 2006, wọ́n gbà pé àwọn yóò máa fi ohun tí ìjọba kò fẹ́ pamọ́, mi ò sì yìn wọ́n fún un. Àmọ́ wọn ò gbé Gmail lọ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àpótí ìwé àwọn èèyàn bá wà lábẹ́ òfin ibẹ̀, ìjọba yóò béèrè, bó bá sì béèrè, àwọn yóò ṣí i. Ní 2010 wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Hong Kong. Apple ńkọ́? Ní 2018 wọ́n gbé ohun tí àwọn oníbàárà wọn ní Ṣáínà kó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn lé iléeṣẹ́ kan ní Guizhou lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ ti ìjọba ibẹ̀. Ìwé iṣẹ́ tó wà nílé ẹni tó máa béèrè rẹ̀!

Mo mọ ìwé iṣẹ́, Àdùnní. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ọ tipẹ́.

O rántí ṣọ́ọ̀bù wa. Orí rímù bébà lo ti máa ń sùn, ariwo ẹ̀rọ Kord kì í jí ọ, àfi bí bàbá rẹ bá pa á ni wàá lanu kígbe. Bàbá rẹ ló ń tẹ̀wé, èmi ni mò ń kọ ìwé iṣẹ́: orúkọ oníṣẹ́, àdírẹ́sì, iye tó kù. Èmi ni mo sọ àdírẹ́sì di dandan, torí àwọn kan ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ sá lọ. Ayé Abacha ni. Àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn a máa ki Tempo sáàárín ìwé mìíràn kí wọ́n tó lè tà á. Ní May 1996, tíṣà kan gbé iṣẹ́ wá láti Bàrígà, háńbìlì 2,000, pé kí ará ìlú jókòó sílé ní June 12. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo ti fà á kalẹ̀ tó. Bàbá rẹ gba iṣẹ́ náà, ó ní kí n má kọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́. Ó ku náírà 700 lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mi ò sì fẹ́ kó sọnù.

Lọ́jọ́ kẹta tó kó o lọ, ọkùnrin méjì tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé. Bàbá rẹ ti lọ ra íńkì. Wọn ò nà mí. Ì bá wù mí kí n sọ fún ọ pé wọ́n nà mí. Ọ̀kan pè mí ní màdáámù, ó tọrọ omi, mo bù ú fún un. Ó tẹ́ háńbìlì náà sórí tábìlì, ó ní ta ló gbé e wá. Ó wá wo orí rímù níbi tí o sùn sí. Ó kàn wò ọ́ ni, kò sọ nǹkan kan. Mo fa ìwé iṣẹ́ jáde, mo ṣí ojú ewé náà, mo sì yí i kọjú sí wọn kí wọ́n lè rí i kà dáadáa.

Títí dòní, yíyí tí mo yí ìwé yẹn ló ń dùn mí jù.

Láti ṣọ́ọ̀bù wa dé ilé tíṣà náà kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo lè rán ọmọ iṣẹ́ kan gba ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó, mo ń ka bébà tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Nígbà tó dé, tó ń tiro, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó na náírà 700 sí mi, ó ní kí n má bínú pé ó pẹ́. Mo gbà á. Mo fagi lé orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti san.

Bàbá rẹ kú láìgbọ́. Wọn ò ti ṣọ́ọ̀bù wa fún ọjọ́ kan. September ọdún yẹn lo wọ praimárì. Mi ò sọ èyí kí o wá máa gbé e rù, ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́.

Lánàá, ohun tí mo fẹ́ kọ ni pé kí o fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Lónìí mo rò ó pé bí o bá dìde, ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lè má ní ìyá tó tẹ̀wé rí. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Kí ni ẹ ń kọ sílẹ̀ nípa àwọn èèyàn tí kò yẹ kí ẹ kọ? Ọdún mélòó lẹ fi ń pa á mọ́, ìlú wo ló sì wà? Bí ìwé ìjọba bá dé, ta ni nínú yín tó ń kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó yí ìwé iṣẹ́ kọjú sí wọn? Ṣé ẹ ń rán ọmọ iṣẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ fún ẹni náà? Bí inú bá bí ọ̀gá rẹ, kó bí i. Àbí, má ṣe jẹ́ kó bí i jù, ilé tí o ń san owó rẹ̀... Mi ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi.

Má fi owó mìíràn ránṣẹ́, mi ò tíì ná tàkọ́kọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Káyọ̀dé yóò lọ sí ìṣọ́ òru, èmi nìkan ni yóò wà nílé. Ìgbà yẹn ni kí o pè. Ìwé iṣẹ́ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nínú àpótí bàbá rẹ. Bí o bá wálé ní Kérésì, màá ṣí ojú ewé náà fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.