Ọjọ́ 30 Péré Ni Òfin Fún Wa

Sí Olóòtú,

Agbẹjọ́rò ni mí, ẹjọ́ owó-orí ìpínlẹ̀ ni mo sì ń ṣe jù. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í wá bá wa títí àwọn agbowó-orí á fi ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Ẹni tí kò bá fara mọ́ iye owó-orí tí wọ́n bù fún un, ọjọ́ 30 ló ní, láti ọjọ́ tí ìwé tó gbé iye náà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láti kọ̀wé ta kò ó pẹ̀lú ìdí; bí ó bá jẹ́ kí ó kọjá, iye tí wọ́n kàn fojú bù lè di gbèsè sí i lọ́rùn. Ìyá aláṣọ kan kó rìsíìtì wá fún mi nínú àpò ìrẹsì, òjò ti pa àwọn kan, ọjọ́ méjì ló sì kù. A tò wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ìwé sí ara rẹ̀.

Agbẹjọ́rò kan,
Ìbàdàn.