Ṣé Ìkà Pọ́ńbélé Ni Ẹfúnṣetán?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n dá sí àríyànjiyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó kángun sí ilé mi ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí mo ti ń retí kí ó kàn mí. Ọmọ onídìrí náà ń múra ìdánwò, ó sì ń ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970 nípa Ìyálóde Ìbàdàn kan láyé àtijọ́, sókè fún wa. Bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti bẹ́ Adétutù, ẹrú Ẹfúnṣetán, lórí nítorí oyún, obìnrin kan tí wọ́n ti di ìdajì irun rẹ̀, tí ìdajì yòókù ṣì nà ró ṣánṣán, fò dìde lórí àpótí, ó ní ìkà kan kò tún sí mọ́ láyé. Gbogbo wọn ló gbè sí i lẹ́yìn, àfi èmi.

N kò sọ pé obìnrin inú eré náà kò ṣe ìkà. Ẹni tó ṣòfin pé ẹrú òun kò gbọ́dọ̀ lóyún, tó sì pa aboyún, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fi ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún wa: kò lọ́mọ láyé, oyún ẹrú sì dà bí ẹni fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ìtàn gan-an sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló kú sórí ìrọbí. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àìrọ́mọbí bú ènìyàn ní ọjà Oyíngbò yóò mọ̀ pé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jiná.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹni tí à ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn tó gbógun ti Ẹfúnṣetán, kò lẹ́rú ni? Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, to ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi kan Ìyálóde ní 1874: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ kí i káàbọ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan níbẹ̀. Nínú eré, Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ. Nínú ìtàn, ojú oorun ni wọ́n ti pa á. (Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni láti yí i padà, n kò bá a jà.)

Àwa ará Èkó pàápàá, Ẹfúnpọ̀róyè Tinúubú tó ṣòwò ẹrú ni gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Erékùṣù, a kì í sì í pè é ní ìkà bí a bá ń kọjá níbẹ̀.

Nínú ìwé ọmọ náà, ìbéèrè tí olùkọ́ kọ fún wọn ni kí wọ́n ṣàlàyé ìwà ìkà Ẹfúnṣetán. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un: ta ni ikú rẹ̀ ṣe láǹfààní?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.