Ohun Tí Ògógóró Òde-Ìrèlè Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí mo ń bá pàdé lọ́dọọdún, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nípa iṣẹ́ oògùn nínú ara. Bí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ bí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ara tí ń sọ nǹkan kan di òmíràn, ṣe ń yára ṣiṣẹ́ sí, wọn á ya àwòrán tó ti inú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Leonor Michaelis àti Maud Menten, ní Berlin wá lọ́dún 1913, wọn á há a sórí, wọn á kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọn á sì ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù. Àwa olùkọ́ la jẹ̀bi, nítorí ìṣirò la máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.

Bó bá jẹ́ tèmi ni, Òde-Ìrèlè ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn kan ní agbègbè náà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn kan ní Ebola ti padà dé, àwọn kan ní òrìṣà ni inú ń bí, àwọn mìíràn di ẹ̀bi náà ru oògùn apakoríko. Mẹtánọ́ọ̀lù, ìbátan ọtí tí kò ṣeé mu, ni àyẹ̀wò fi hàn níkẹyìn pé ó wà nínú ògógóró, kò sì pẹ́ tí irú rẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Mẹtánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń sọ ọ́ di májèlé. Ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní alcohol dehydrogenase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ọtí tí a mu, ni yóò sọ ọ́ di fọmadíháìdì, ẹ́ńsáìmù mìíràn á sì sọ ìyẹn di fọ́míìkì ásíìdì, tí ń ba iṣan ojú jẹ́, tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Ìdí nìyí tí ẹni tó mu ún fi lè sùn dáadáa lálẹ́, kí ojú rẹ̀ sì fọ́ lọ́jọ́ kejì: wákàtí 12 sí 24 tó wà láàárín, ẹ́ńsáìmù wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ẹ fi ẹ́ńsáìmù wé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń lọ ata lọ́jà. Bí oníbàárà bá kéré, bí wọ́n ṣe ń dé ni yóò máa lọ tiwọn. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá tò síbẹ̀, kò ní torí ìyẹn yára ju agbára rẹ̀ lọ. Òpin agbára yẹn ni Vmax. Km ni ìwọ̀n ẹrù tí ẹ̀rọ fi ń lo ìdajì agbára rẹ̀, bó bá sì ti kéré tó ni ẹ́ńsáìmù ṣe ń tètè gbá ẹrù náà mú. Km ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí gidi, kéré púpọ̀ sí ti mẹtánọ́ọ̀lù. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹtánọ́ọ̀lù tí a wọ̀n, kí ó gba iwájú lórí ìlà, kí mẹtánọ́ọ̀lù sì wà láìlọ̀ títí tí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ yóò fi kó o jáde. Oògùn tí a ń pè ní fomepizole ń dí ẹnu ẹ̀rọ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í mú kí ènìyàn yó bí ẹni mutí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi sáré lọ mu ọtí o, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.)

Ẹni tó bá ti lóye ìlà ọjà yẹn kò ní ṣi phenytoin, oògùn wárápá, lò. Ìwọ̀n tí a máa ń fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 10 sí 20 nínú lítà kan, àmọ́ ẹ́ńsáìmù tí ń tú oògùn náà ti ń sún mọ́ òpin agbára rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní aláìsàn kan ní Vmax 450 mílígíráàmù lójúmọ́ àti Km mílígíráàmù 4 nínú lítà kan. Bó bá ń lo 300 lójúmọ́, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dúró sí 8, wárápá náà kò sì ní lọ. Dókítà tó bá rò pé àfikún kékeré ni, tó sọ ọ́ di 400, yóò bá 32 nínú ẹ̀jẹ̀: ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún oògùn, ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin. Ojú aláìsàn á máa gbọ̀n, á máa rìn bí ọ̀mùtí, àwọn ará ilé á sì máa bi í léèrè ibi tó ti lọ mutí.

Mo bẹ àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ìṣègùn pé kí wọ́n fi irú aláìsàn méjèèjì yìí bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ní kó ya àwòrán kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ oògùn kan,
Ìbàdàn.